Bí Láoṣé Ṣe Gbé Ohùn Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Dé Ẹnu Ibodè

Ẹ fi àgbàdo sísun dí ẹnu, kí ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi. Òjò yìí kò ní dá kíákíá, ahéré mi kò sì jò. Èmi Ọdẹ́jìnmí tí ẹ ń wò yìí, tí eyín mi ti ń ṣí kúrò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti wo ẹfọ̀n lójú rí títí ẹfọ̀n fi yà fún mi lọ́nà. Mo ti fi orí lé erè sùn, mo rò pé gbòǹgbò igi ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kí ara wa, olúkúlùkù sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ bi erè náà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tèmi. Ìtàn Láoṣebìkan onígìtá ni, ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Inú ahéré yìí ni ó ti sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sì gbàgbé ibì kankan nínú rẹ̀, nítorí ohun tí ó bá dun ènìyàn kì í kúrò lọ́kàn bọ̀rọ̀.

Ọdẹ ni baba Láoṣé. Ọmọkùnrin méjì ni ó bí. Ọdẹ́níran ni ẹ̀gbọ́n. Láoṣebìkan, tí gbogbo wa ń pè ní Láoṣé, ni àbúrò. Ọdẹ́níran jogún ìbọn baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún kọ́ bí a ti ń ta gìtá. Bí ó bá ti inú igbó dé, á gbé ìbọn kọ́, á fọ ọwọ́, á sì gbé gìtá lé itan. Òun ni ó kọ́ àbúrò rẹ̀. Bí Láoṣé bá ṣi okùn tẹ̀, ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti bà á lórí kí ó tó mọ̀ pé òun ti ṣì í. Nígbà tí ó yá, àwọn méjèèjì dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, kò sì sí ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà ní agbègbè wa tí wọn kì í pè wọ́n sí.

Ańpilifáyà àtijọ́ kan báyìí, ẹ̀rọ tí ó ń mú ohùn gìtá ròkè, ni Ọdẹ́níran ń lò. Pákó ni wọ́n fi kàn án, eku sì ti jẹ aṣọ iwájú rẹ̀. Bí ohùn gìtá bá gba inú rẹ̀ jáde, ó máa ń ha díẹ̀, bí ohùn àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá tún gbọ́ ọ láàrin ọjà, yóò mọ̀ ọ́n.

Ohun tuntun ni Láoṣé fẹ́ràn ní tirẹ̀. Ó ra àpótí irin kan tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Bọ́tìnnì kún ojú rẹ̀ bí ojú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú níbẹ̀, dígí kékeré kan sì wà láàrin tí ó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀. Àpótí yìí kò ní ohùn tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa sín gbogbo ańpilifáyà ayé jẹ. Bí o bá tẹ ibí, á dún bí èyí tí wọ́n lò láyé àwọn baba wa. Bí o bá tẹ ọ̀hún, á dún bí èyí tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Bí o bá sì so ó mọ́ ańpilifáyà mìíràn, tí o jẹ́ kí ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, á kó ohùn onítọ̀hún sínú, ó di tirẹ̀. Ọdẹ́níran máa ń fi àpótí náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àna tuntun ni, ohun tí ó bá ti wu ará ilé ni yóò máa sọ.

Ní ọdún tí òjò pọ̀, ibà dá Ọdẹ́níran dúbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Ẹ mọ àṣà àwa ọdẹ. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, a ó ṣe ìṣípà fún un. A ó kó gbogbo ohun tí ó fi ṣiṣẹ́ láyé jọ, a ó gbé e lọ sínú igbó, a ó sun ìjálá ìdágbére fún un, kí òkú lè bá wa pínyà, kí ẹrù rẹ̀ sì pé bí ó bá dé ibi tí ó ń lọ. Ọdẹ tí a kò bá ṣe èyí fún yóò dúró sójú ọ̀nà. A pe Láoṣé, a ní kí ó kó ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ wá. Ó kó ìbọn, ó kó àpò, ó kó fìlà. Ó gbé gìtá, ó sì gbé ańpilifáyà pákó náà. Gbogbo wa yìn ín. A kò mọ̀ pé kí ó tó gbé e jáde, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ti so àpótí irin rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ti kó ohùn inú rẹ̀ tán pátápátá. Akèrègbè ni ó gbé fún wa. Ó ti mu ẹmu inú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí Láoṣé bá tẹ bọ́tìnnì tí ó di ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó máa ń gbọ́ èémí ènìyàn láàrin orin, bí ẹni tí ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò kànkùn. Ìyá wọn arúgbó gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ìyá sọ fún un pé òun ń lá àlá kan náà ṣáá: ìta ni Ọdẹ́níran wà, ìrì sì ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù.

Láoṣé rò pé ilé ni ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ padà sí. Ó wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní kí n fi ọ̀nà hàn án. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo ní odò kì í ṣàn kí ó bojú wẹ̀yìn. Ó ní ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì wà nílé, kò sí bí kò ṣe ní wá a wálé. Nígbà tí mo rí i pé etí rẹ̀ ti di, mo mú un dé ibi tí àmì àdá ọdẹ mọ, tí àwọn igi ti ń bi ènìyàn léèrè orúkọ baba rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti padà. Kì í ṣe ẹ̀rù ni ó dá mi padà o. Orúnkún ni.

Ìlú tí Láoṣé kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń pè ní Kòtíìtó. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ènìyàn kí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n parí. Ilé wọn kò ní òrùlé, nítorí pé káfíńtà ṣì ń tún igi rẹ̀ tò. Ọbẹ̀ ti kan lórí iná, ẹni tí ń sè é ṣì ń fi iyọ̀ sí i, ó ń bu omi lé e, ó tún ń fi iyọ̀ sí i. Gbogbo wọn rù hángógó. Bí o bá bi wọ́n bóyá iṣẹ́ ti parí, wọn a fi ọwọ́ pa àgbọ̀n, wọn a ní, "Ó kù díẹ̀."

Nígbà tí wọ́n rí bọ́tìnnì ojú àpótí Láoṣé, ayọ̀ wọn kò ṣé é fẹnu sọ. Wọ́n gbé e lé èjìká lọ sí ààfin, níbi tí wọ́n ti ń sin ìlẹ̀kẹ̀ adé lórí ọba fúnra rẹ̀, tí ọba kò lè yí ọrùn. Ọba ní kí ó bá àwọn wá ohùn tí ó dára jù nínú gbogbo ohùn. Láoṣé jókòó nínú yàrá tí kò ní òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ́tìnnì. Ó fi kún ohùn ìsàlẹ̀, ó dín ti òkè kù. Ó jẹ́ kí ó dún bí ẹni pé inú kànga ni, ó tún fà á jáde. Òjò pa á, oòrùn gbẹ ẹ́, kò ta orin kan délẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ ọdẹ kan tí ó ń nu ìbọn rẹ̀ títí ẹtu fi bímọ níwájú rẹ̀, tí ọmọ ẹtu náà sì dàgbà, tí ó kí i kí ó tó kọjá.

Obìnrin kan wà ní yàrá kejì. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n aṣọ ìyàwó ni ó wọ̀, ó mú dígí lọ́wọ́, ó ń wé gèlè, ó ń tú u, ó sì ń tún un wé. Ó bi Láoṣé pé orin wo ni ó ń wá ohùn fún. Láoṣé la ẹnu, kò sì rántí.

"Ọkọ mi wà ní ìta," ni ìyàwó arúgbó náà wí. "Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni ó ti ń retí mi. Mo fẹ́ kí gèlè yìí jókòó dáadáa kí n tó jáde sí i. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lánàá. N kò tíì gbọ́ ọ lónìí."

Láoṣé wá rántí ẹni tí òun náà ń wá. Ó gbá àpótí àti gìtá mọ́ àyà, ó fo ògiri tí wọn kò mọ parí. Ó yíjú padà, ó bẹ obìnrin náà pé kí ó jẹ́ kí àwọn jọ jáde. Obìnrin náà gbé dígí sókè, ó ní ó kù díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó wọ Igbó Asínjẹ. Kò sí ohun tí ó ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Igi ń ké bí ewúrẹ́, òkúta ń rẹ́rìn-ín bí ìyá Láoṣé, ẹyẹ tí ó bà lórí ẹ̀ka sì ń wúkọ́ bí baba rẹ̀ tí ó ti kú. Ẹ̀gún fa aṣọ rẹ̀ ya, ó fa awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ya pẹ̀lú, nítorí pé ó ń sá tẹ̀lé gbogbo ohùn tí ó bá mọ̀. Níbi tí ó ti ṣubú ni iwin tí ó ni igbó náà ti bá a. Orí iwin yìí rí bí òkìtì ọ̀gán, etí rẹ̀ méjèèjì sì wọ́lẹ̀ bí ewé kókò. Ó bi Láoṣé pé ta ni ó ni ohùn tí ó kún inú àpótí náà. Láoṣé ní òun ni, òun rà á.

"Ènìyàn ra àgò, ó ra adìẹ," ni iwin wí. "Ta ni ó ra kíkọ àkùkọ rí?"

Ó ní àwọn ọmọ òun ni wọ́n ni àwọn ohùn wọ̀nyí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá wọn. Òun yóò pa àlọ́ kan. Bí Láoṣé bá mọ̀ ọ́n, yóò mú ohùn kan lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò di igi níbẹ̀, yóò sì máa ké bí ewúrẹ́ títí ayé. Ó wá bi í pé, "Kí ni ohun tí a kó pamọ́, tí olè kò lè jí i, tí ẹni tí ó kó o pamọ́ kò sì lè lò ó?"

Láoṣé ronú títí òógùn fi bò ó. Ó ní, "Àná ni."

Iwin rẹ́rìn-ín, ewé sì já bọ́ láti orí igi. "O mọ̀ ọ́n," ni ó wí, "o sì tún gbé e pọ̀n."

Ó pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jáde wá láti inú ihò igi. Olúkúlùkù fi etí lé àpótí, ó gbọ́ tirẹ̀, ó mú un, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lójú dígí kékeré náà, orúkọ àwọn ohùn ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láoṣé mọ iye ìyà tí ó jẹ nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí ni ó wá nígbà tí kò ní ju ṣòkòtò kan lọ, tí ó ń fọ̀ ọ́ kí ó tó sùn, tí ó ń wọ̀ ọ́ ní tútù. Èyí ni ó kó nígbà tí ó sùn sí ìsàlẹ̀ tábìlì nílé olórin kan, tí ìyàwó onílé sì ń gbálẹ̀ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, kò sì lè sọ fún ẹnì kan pé kí ó dúró. Ẹyọ kan ni ó mú. Ẹ mọ èyí tí ó mú.

Ó rìn títí ó fi dé ibi tí igbó ti parí. Ògiri amọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú kò tó òkè rẹ̀, ibodè kan sì wà lára ògiri náà. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí lẹ́nu ibodè, ó ń pa ẹ̀gúsí. Nínú ìrì, ní ìta, Ọdẹ́níran dúró. Fìlà rẹ̀ wà lórí, ìbọn wà ní èjìká, gìtá kọ́ sí i lọ́rùn, ańpilifáyà pákó náà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

Láoṣé dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo wá mú yín lọ sílé." Ọdẹ́níran la ẹnu, ètè rẹ̀ mì, kò sí ohùn. Láoṣé dìde, ó na ọwọ́ láti dì mọ́ ọn.

"Má fọwọ́ kàn án," ni oníbodè wí, kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí. "Bí o bá fọwọ́ kàn án, ìwọ náà ti di ará ibí nìyẹn."

Láoṣé bi í pé kí ni ó ṣe ẹ̀gbọ́n òun. Oníbodè ṣe àlàyé pé ẹni tó bá dé ibodè yìí, ohun tí ó fi ṣiṣẹ́ láyé ni yóò fi sọ orúkọ rẹ̀. Ahunṣọ á ju ọ̀kọ̀ òfì rẹ̀, alágbẹ̀dẹ á lu irin. Ẹni yìí dé, ó yin ìbọn, òun gbọ́ ọ.

"Ṣùgbọ́n mo wo ìka ọwọ́ òsì rẹ̀," ni ó wí, "mo rí i pé ṣóńṣó wọn ti le kókó. Ìbọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́. Mo ní kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ kejì hàn mí. Ó ta á, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá pé kì í wọlé níbí. Láti ìgbà náà ni ó ti wà níbi tí o bá a yìí."

Láoṣé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn padà sílé nígbà náà. Oníbodè bi í pé ilé wo, ṣé ilé tí koríko ti hù lé lórí? Ó ní nǹkan méjì ni ó kù: kí ọkùnrin náà wọlé, tàbí kí ó dúró sínú ìrì títí ayé yóò fi parí.

Ìgbà yìí ni ohun tí Láoṣé ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó yé e. Ó jókòó sílẹ̀. Ó gbé àpótí lé itan, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìrì ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrì kò dẹ́kun. Nígbà tí ó pẹ́, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àpótí òun lè fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ó sì mú ọ̀kan náà dání, bí a ti ń tan iná lára iná tí iná àkọ́kọ́ kò sì kú. Ṣé kò ní burú bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀? Oníbodè ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ọdẹ́níran ni ó wo àbúrò rẹ̀. Ó wò ó bí ó ti wò ó ní ọjọ́ tí Láoṣé kékeré yọ ẹran nínú ìkòkò, tí ó nu ẹnu, tí ó sì ní ológbò ni. Láoṣé gbé ojú sílẹ̀.

Ó ti wáyà bọ gìtá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ó ti orí kejì bọ àpótí. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ọdẹ́níran fi ìka kan okùn.

Ohùn náà jáde, ó ha díẹ̀, bí àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Oníbodè dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Láoṣé gbé gìtá tirẹ̀, ó bọ́ sí abẹ́ orin bí ó ti máa ń ṣe, ẹ̀gbọ́n níwájú, àbúrò lẹ́yìn. Wọ́n ta á parí. Bí orin ti ń lọ ni iná àpótí ń kú, nígbà tí wọ́n sì parí rẹ̀, ojú dígí ti ṣókùnkùn, irin rẹ̀ ti tutù bí òkúta odò.

Ọdẹ́níran la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì jáde. "Láoṣé, okùn kẹta rẹ ti rẹlẹ̀. Ìgbà wo ni o ti ń ta á bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti pẹ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Fà á sókè. Bá mi kí ìyá wa."

Ọdẹ́níran gbé àpótí náà há abíyá. Ibodè ṣí, ó wọlé, kò bojú wẹ̀yìn. Láoṣé fi etí lé ògiri. Ó gbọ́ gìtá náà bí ó ti ń jìnnà lọ. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ orin mìíràn nínú ìlú náà, àti òmíràn, orin gbogbo àwọn tí ó ti wọlé ṣáájú. Wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn, títí ó fi di pé, Láoṣé tí ó lè mọ ohùn yìí láàrin ọjà, kò mọ èyí tí í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

N kò ní sọ bí ó ṣe padà. Ẹsẹ̀ tí ó bá ń ti ibi òfò bọ̀ kì í ka òkúta. Ó dé ilé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní. Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé àpótí kò sí níbẹ̀, kò béèrè rẹ̀.

"Ṣé ó wọlé?" ni ìyá wí.

"Ó wọlé, Ìyá."

"Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Láoṣé sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí fún un. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun nìyẹn. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ó fi di ẹkún, ẹkún tí kò rí sun láti ọjọ́ ìsìnkú. Láoṣé kò sọ pé kí ó dákẹ́. Nígbà tí ẹkún náà dá fúnra rẹ̀, ìyá ní kí ó ta orin tí àwọn méjèèjì jọ ta níbẹ̀ fún òun.

Gìtá Láoṣé kì í ṣe irú èyí tí inú rẹ̀ ṣófo. Igi dídì ni. Bí kò bá sí àpótí, ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn kò ní í gbọ́ ọ dáadáa. Ó sọ èyí fún ìyá rẹ̀.  Ìyá sún mọ́ ọn lórí ẹní, ó ṣí ìborùn kúrò lórí, ó fi etí lé ara igi gìtá náà, ó sì di ojú. Láoṣé bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Ibi tí ó bá mi sọ ọ́ dé nìyẹn, n kò sì bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò ti dá. Ẹ gbé omi fún mi, kí ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ilé yín.